Ẹ Yẹ Ìdílé Ajá Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ìtọ́sọ́nà lórí Àrùn Àjogúnbá Lára Ajá Òyìnbó

Ní Ìbàdàn lónìí, láti Bódìjà dé Àkóbọ̀, láti Jẹ́ríkò dé Olúyọ̀lé, ó ṣòro kí ènìyàn rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tó ní ọgbà láìgbọ́ ohùn Boerboel, Rottweiler, Alsatian tàbí Caucasian lẹ́yìn géètì. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ra àwọn ajá wọ̀nyí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà wọ́n kì í bèèrè ju ìbéèrè méjì lọ: èló ni, àti pé ṣé ó ní ìwé. Ìbéèrè kẹta ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, èyí tó sì yẹ kó ṣáájú méjì yẹn: irú àrùn wo ló wà nínú ìdílé ajá yìí, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò?

Àrùn àjogúnbá yàtọ̀ sí àrùn tí ajá ń kó níta. Parvo tó ń mú ọmọ ajá yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ibà tí eégbọn ń kó bá ajá àti aràn inú, ìta ni gbogbo wọn ti ń wá, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn sì lè dènà wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń sọ ti wà lára ọmọ kí wọ́n tó bí i, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan tó lè lé e jáde. Ibi tí a ti lè dá a dúró ni kí akọ tó gun abo. Nítorí náà ni ìtọ́sọ́nà yìí ṣe kan ẹni tó fẹ́ ra ajá àti ẹni tó ń sin ajá tà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ọ̀nà tí àrùn ń gbà dé ara ọmọ

Láyé òde òní, ìdílé tó lajú kì í gbà kí ọmọ wọn ṣègbéyàwó láìbéèrè jínótáìpù ẹni tó fẹ́ fẹ́. A mọ̀ pé ara ẹni tó jẹ́ AS le, kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 25 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá 50 ni kí ó jẹ́ AS, ìdá 25 tó kù ni kí ó jẹ́ AA. Ọ̀nà yìí gan-an ni púpọ̀ nínú àrùn ìdílé ajá ń tọ̀. Akọ tí irun rẹ̀ ń dán àti abo tó lágbára lè jọ fi àrùn kan náà pamọ́ sára, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ títí ọmọ wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ ògiri lálẹ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń kú lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹwà ajá kò lè sọ ohun tó wà nínú jíìnì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara rẹ̀, fún wa.

Àwọn àrùn kan ń gba ọ̀nà mìíràn. Àìsàn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, tí wọ́n ń pè ní haemophilia, tí a sì mọ̀ mọ́ àwọn ìdílé Alsatian kan: ara ìyá ni ó ti máa ń wá, ìyá fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ìdajì nínú àwọn ọmọkùnrin tó bá bí ló ṣeé ṣe kí ó mú. Àìsàn oríkèé ìbàdí sì tún yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé jíìnì púpọ̀ ló kóra jọ láti fà á, oúnjẹ àti ọ̀nà tí a gbà tọ́ ọmọ ajá náà sì ń dá sí i. Irú èyí ni kò ṣeé fi àyẹ̀wò jíìnì kan ṣoṣo mọ̀.

Ẹni tó bá bèèrè ìdí tí wàhálà yìí fi pọ̀ lára ajá tí ìran rẹ̀ kò lábùlà, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe dá ìran náà sílẹ̀. Ajá díẹ̀ ni wọ́n kó jọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ wọn máa gun ara wọn láti ìran dé ìran. Àrùn tó fara pamọ́ sí ara ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ yẹn yóò tàn ká gbogbo àrọ́mọdọ́mọ. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Basenji, ajá ilẹ̀ Kóńgò. Ajá ìgbẹ́ àti ajá ọdẹ ni wọ́n ní ibi tí wọ́n ti wá, ara wọn sì le. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó díẹ̀ lọ sí òkè òkun, tí wọ́n sì ti ìwé ìran wọn pa, ìyẹn pé wọn kò forúkọ ajá tuntun láti ìta sínú rẹ̀ mọ́, àrùn kíndìnrín kan tó ń da ṣúgà sínú ìtọ̀ gbilẹ̀ láàárín wọn. Ní 1987 àti 1988 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kan padà sí Kóńgò, tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà, láti kó ajá tuntun wá, nígbà tó sì di 1990, wọ́n ṣí ìwé ìran Basenji sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ inú rẹ̀. Àwọn tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ajá ìbílẹ̀ wa nílé yìí, mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n rántí ìtàn náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ àrùn tí a mọ̀ mọ́ ìran ajá tí ẹ fẹ́

Kí ẹ tó lọ wo ọmọ ajá kankan, ẹ kọ orúkọ ìran náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àrùn rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mo máa mú àwọn tó wọ́pọ̀ ní ìlú wa.

Boerboel, Rottweiler, Alsatian, Caucasian àti Labrador jọ ní ìṣòro oríkèé ìbàdí, tí àwọn dókítà ń pè ní hip dysplasia. Orí egungun itan kì í jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Ó máa ń yẹ̀, ó máa ń ha egungun, títí oríkèé yóò fi wú tí yóò sì di ìrora. Bí ajá náà bá ti tó oṣù 5 sí 12, ẹ ó rí i pé ó ń lọ́ra láti dìde lẹ́yìn tó bá ti sùn, pé ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àtẹ̀gùn ti di ẹrù fún un. Àwọn mìíràn kì í fi hàn títí wọn yóò fi dàgbà. Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ tún ń ṣe ìgbúnwọ́ ẹsẹ̀ iwájú Rottweiler àti Boerboel.

Boerboel tún ní ti ìpéńpéjú tó ń ká sínú tàbí tó ń ṣí síta jù. Èyí tó ká sínú ń mú kí irun máa gún ẹyinjú. Abo rẹ̀ mìíràn sì wà tí ẹran ojú ara rẹ̀ máa ń wú jáde ní gbogbo ìgbà tó bá ń wá akọ. Àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú abo bẹ́ẹ̀, wọn a sì tún mú un bímọ. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè náà. Ní ti Rottweiler, ẹ fi àrùn ọkàn tí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde fún pọ̀ àti jẹjẹrẹ egungun kún un.

Alsatian ní àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn kan tí wọ́n ń pè ní degenerative myelopathy. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí ajá yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 8. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa wọ́ nílẹ̀, èékánná á máa jẹ, kò sì ní sí ìrora, títí ajá kò fi ní lè dìde mọ́. Ní 2009 ni wọ́n rí jíìnì SOD1 tó so mọ́ ọn, àyẹ̀wò rẹ̀ sì wà. Ajá tó jogún jíìnì náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wà nínú ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn kọ́ ni àrùn náà ń mú. Ìṣòro Alsatian mìíràn, tí ọ̀pọ̀ alájá máa ń pè ní aràn, ni pé ẹ̀yà inú tó ń pèsè oje tí ń da oúnjẹ á gbẹ. Ajá náà á máa jẹun bí ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ kan, á máa rù, ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ̀, á funfun, á sì máa dán fún ọ̀rá. Bí ẹ bá ti fún un ní oògùn aràn tí kò sì yí padà, ẹ sọ fún dókítà kí ó wo ibẹ̀.

Lhasa Apso pọ̀ nínú ilé àwọn tí kò ní ààyè fún ajá ńlá. Kíndìnrín tí kò dàgbà tán láti inú oyún, ojú tí omi rẹ̀ gbẹ, àti àrùn ojú tó ń pa awọ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú díẹ̀díẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ọmọ Lhasa bá ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tí kò sì dàgbà bí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló kàn.

Dobermann ní àìsàn ọkàn tó ń mú kí ọkàn wú kí agbára rẹ̀ sì dín kù. Ajá tó ń sáré lánàá lè ṣubú kó kú lónìí láìsí àmì tẹ́lẹ̀. Ó tún ní von Willebrand, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Mo fi ìtẹnumọ́ sọ èyí fún àwọn tó ń gé etí àti ìrù Dobermann: ọ̀bẹ lè fi ohun tí ẹ kò mọ̀ hàn yín ní ọjọ́ tí kò dára.

Ní ti Bulldog, French Bulldog àti Pug, imú pẹlẹbẹ tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ yẹn gan-an ni àrùn wọn. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí ló fi ń tu ara. Ajá tí ihò imú rẹ̀ há, tí ẹran òkè ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gùn jù, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, ooru Ìbàdàn ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà kò sì ní dúró dè é, pàápàá nígbà tí kò bá sí iná tí fáànù kò sì ṣiṣẹ́. Orí wọn tún tóbi ju ọ̀nà ìbí ìyá wọn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ abo Bulldog kò lè bímọ láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá bi mí, n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí kò ní iná tó dúró ṣinṣin ra ọ̀kan nínú wọn.

Dalmatian lè dití ní etí kan tàbí méjèèjì láti ìgbà ìbí, òkúta sì máa ń dá sínú àpò ìtọ̀ wọn nítorí pé gbogbo ìran náà ló jogún jíìnì kan tó ń mú kí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní uric acid pọ̀ jù nínú ìtọ̀ wọn. Ní 1973, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí Dalmatian kan bá Pointer kan bímọ, wọ́n sì ń dá àwọn ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran títí wọ́n fi ní ajá tó jọ Dalmatian ní gbogbo ọ̀nà, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dára.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìgbésẹ̀ yìí kan oògùn. Collie, Australian Shepherd àti àwọn ìbátan wọn lè jogún àbùkù jíìnì kan tí wọ́n rí ní 2001, èyí tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ wọn lè lé àwọn oògùn kan jáde. Ivermectin wà lára wọn. Gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún ivermectin fún ajá káàkiri ìlú yìí nítorí eégbọn àti ara yíyún. Ìwọ̀n tí ajá mìíràn yóò gbà láìṣe nǹkan kan lè mú kí irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó fọ́jú, kó dákú, kó sì kú. Wọ́n ti rí i lára àwọn Alsatian kan pẹ̀lú. Bí ajá yín bá ní ẹ̀jẹ̀ Collie nínú, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bèèrè ẹ̀rí lórí ìyá àti bàbá

Ìwé ìran kò ju orúkọ lọ. Ó sọ ẹni tó bí ajá náà. Kò sọ bóyá ara ẹni tó bí i le. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń sọ. Ohun tí ẹ ó fi ọ̀wọ̀ bèèrè nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè fi àyẹ̀wò ìbàdí ìyá àti bàbá rẹ̀ hàn mí? Ṣé ẹ ti ṣe DNA wọn?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní bínú sí yín. Ẹni tó bá bínú ti dá yín lóhùn.

Fún àwọn ajá ńlá, X-ray ìbàdí ni ẹ̀rí, èyí tí a ya nígbà tí wọ́n fi oògùn mú ajá sùn kí iṣan rẹ̀ lè dẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ OFA, tó ń yẹ X-ray ìbàdí ajá wò, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966, kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn lórí ìbàdí àfi bí ajá bá ti pé oṣù 24. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní PennHIP lè wọn bí oríkèé ṣe dẹ̀ tó láti ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn ajá tó bá wá láti Yúróòpù sábà máa ń ní lẹ́tà láti A dé E nínú ìwé wọn: A ni ó dára jù, E ni ó burú jù. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé bàbá ọmọ náà jẹ́ A, ẹ wo nọ́ńbà microchip (ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá) tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ ka ti ajá náà, kí ẹ rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ olùsìn ajá ní Ìbàdàn kò tíì ya X-ray kankan rí, n kò sì ní díbọ́n pé yóò rọrùn láti rí ẹni tó ti ṣe é. Bí ẹ kò bá rí ìwé, ẹ bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìyá, bàbá, àti bó bá ṣeé ṣe, àwọn ọmọ tí abo náà bí ní ìbí tó ṣáájú. Ajá ọmọ ọdún 7 tó ṣì ń fo ògiri jẹ́ ẹ̀rí kan, bí kò tilẹ̀ tó ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ojú àti ọwọ́ yín yẹ ọmọ ajá wò

Ẹ má ṣe ra ọmọ ajá lórí WhatsApp, ẹ má sì ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dúró lẹ́bàá títì, nítorí pé ẹ kò ní rí ìyá rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n bí i sí, nígbà tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 8, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀ tí ara rẹ̀ yá.

Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ níwájú yín, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń dìde. Ẹ gbé ọmọ náà sórí ilẹ̀ tàbí koríko, kí ẹ wo ìrìn tirẹ̀. Ẹ dúró tì í kí ẹ gbọ́ èémí rẹ̀. Ọmọ ajá tó ń han-an-run lójúmọmọ láìsùn kò ní mí dáadáa bó bá dàgbà. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣomijé ní gbogbo ìgbà, kí ẹ wo ìpéńpéjú àti bí eyín òkè ṣe pàdé ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ìdodo rẹ̀: bí ó bá wú tí ẹran inú sì ń wọlé jáde, ihò ibẹ̀ kò tíì dí. Bó bá jẹ́ akọ, ẹ fọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò bá sọ̀ títí oṣù 6 kò ní sábà sọ̀ mọ́, ó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, irú akọ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gun abo nítorí pé àjogúnbá ni.

Ní ti etí, ẹ dúró títí ọmọ náà yóò fi sùn, kí ẹ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti ní rí yín, tí afẹ́fẹ́ ọwọ́ yín kò sì ní kàn án. Èyí ń fi adití pátápátá hàn. Adití etí kan yóò gbọ́, yóò sì jí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ọjọ́ àdéhùn tó pé

Ẹ bá ẹni tó tà á ṣe àdéhùn lórí ìwé pé bí dókítà bá rí àbùkù ìbí láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò gba ọmọ ajá padà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ẹ̀ka Ìṣègùn Ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, àwọn dókítà aládàáni sì wà káàkiri ìlú. Ẹ ní kí wọ́n gbọ́ ọkàn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ariwo nínú ọkàn ọmọ ajá lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́, òmíràn sì wà tí yóò lọ fúnra rẹ̀ bó bá ń dàgbà. Dókítà ni yóò sọ ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tọ́ ọ lọ́nà tí kò ní ru àrùn sókè

Nínú ìlú wa, ọmọ ajá tó sanra ni wọ́n ń yìn. Èyí ń bà mí nínú jẹ́, nítorí pé kò sí ohun tó ń ba oríkèé ọmọ ajá ńlá jẹ́ tó ìsanra àti ìdàgbàsókè tó yára jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi Labrador 48 ṣe ìwádìí kan: wọ́n pín àwọn ọmọ ìyá kan náà sí méjì-méjì, wọ́n sì ń fún ọ̀kan ní oúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú 100 kéré sí ti èkejì ní gbogbo ayé wọn. Àwọn tó jẹ díẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ọdún 2, àrùn oríkèé sì pẹ́ kó tó mú wọn, kò sì mú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ kan ìhà ajá yín: ó yẹ kí ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀bà lásán kò tó oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ olówó iyebíye tó kún abọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kò dára.

Ẹ má ṣe fún ọmọ ajá ńlá tó ń jẹ oúnjẹ tó péye ní oògùn kálísíọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ ajá kò lè ta àpọ̀jù rẹ̀ nù, ìdàgbàsókè egungun sì lè bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó ń rìn lórí rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Táìlì tó ń yọ̀ ló wà nínú púpọ̀ nínú ilé wa, ẹsẹ̀ ọmọ ajá á sì máa yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ́ róògì tàbí ẹní síbi tó ń gbà kọjá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Norway fi hàn pé àwọn ọmọ ajá tó ń gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó pé oṣù 3 ni àìsàn ìbàdí ń mú jù, àti pé àwọn tó ń ṣeré lómìnira lórí ilẹ̀ rírọ̀ níta ni kì í sábà mú. Ẹ jẹ́ kó ṣeré lórí koríko ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì fi sísáré tẹ̀lé ọ̀kadà sílẹ̀ títí egungun rẹ̀ yóò fi gbó.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá fẹ́ kí ajá yín bímọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ra ajá kan lè jìyà lórí ajá kan. Ẹni tó mú un bímọ lè pín ìyà náà fún ilé 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí akọ àti abo ṣe tan mọ́ra. Ní 1922, Sewall Wright, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti ṣírò bí òbí ọmọ kan ṣe tan mọ́ra tó, a sì ń lò ó títí di òní. Ọmọ tí bàbá bá bí fún ọmọ rẹ̀, tàbí tí ọmọ ìyá kan náà àti bàbá kan náà bí fún ara wọn, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 25%. Ti ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀ jẹ́ 12.5%, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jẹ́ 6.25%. Bí ìwọ̀n yìí bá ṣe ń ga sí i ni àrùn tó fara pamọ́ ṣe ń rí ẹnìkejì rẹ̀ pàdé, tí àwọn ọmọ á máa kéré, tí wọ́n á sì máa kú ní kékeré. Láti 2009 ni Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ níbẹ̀, ti kọ̀ láti forúkọ ọmọ tí òbí bá bí fún ọmọ rẹ̀, tàbí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí fún ara wọn, sílẹ̀. Àwọn kan ní ìlú yìí ṣì ń ṣe é nítorí pé wọn kò fẹ́ san owó akọ. Ó yẹ kí wọ́n jáwọ́.

Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún akọ tí gbogbo ìlú ń gbé abo wọn lọ bá. Bí Boerboel kan bá dé láti Gúúsù Áfíríkà, tí orí rẹ̀ tóbi, tí àwòrán rẹ̀ sì tàn ká, láàárín ọdún mélòó kan ìdajì àwọn ọmọ Boerboel àdúgbò lè jẹ́ tirẹ̀. Bí àrùn kan bá fara pamọ́ sí ara rẹ̀, kì í sábà hàn lára àwọn ọmọ. Yóò hàn nígbà tí àwọn ọmọ bàbá kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn. Mo fẹ́ràn akọ tó ti dàgbà díẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì le, tí kò sì bí jákèjádò ìlú.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò DNA. Láti 2005, tí àwọn onímọ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì abo Boxer kan tí ń jẹ́ Tasha, ni àyẹ̀wò fún àrùn kọ̀ọ̀kan ti ń pọ̀ sí i. Ẹ ó fi òwú orí igi kékeré ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, ẹ ó jẹ́ kó gbẹ, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lókè òkun, bíi ti Yunifásítì California ní ìlú Davis. Ajá náà kò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, ọmọ ajá tó ń mu ọmú ni kí ẹ sì yà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, kí jíìnì ìyá má baà dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ lórí òwú náà. Ìran kọ̀ọ̀kan ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ yan èyí tó bá tiyín mu.

Bí èsì bá dé tí ajá yín sì jẹ́ irú AS, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lé e dànù. Ẹ lè fún un ní èyí tó mọ́ pátápátá, irú AA, kò sì sí ọmọ kankan tí àrùn yóò mú. Ẹ wá yẹ àwọn ọmọ wò, kí ẹ yan àwọn tó mọ́ fún ìbí tó ń bọ̀. Bí a bá lé gbogbo irú AS kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kù yóò kéré jù, a ó sì tún bọ́ sínú àrùn mìíràn. Irú AS méjì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Bákan náà, àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní merle, tí àwọ̀ wọn ní àmì tótòtó, ẹ má ṣe so méjì pọ̀, nítorí pé ọmọ tó bá gba jíìnì náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá lè dití tàbí kó fọ́jú.

Ní ti ìbàdí, ẹ dúró títí abo yóò fi pé ọdún 2, kí ẹ ya X-ray, kí ẹ tó gbà kí akọ gùn ún. Dobermann nílò àyẹ̀wò ọkàn lọ́dọọdún, nítorí pé ìdánwò tó mọ́ lónìí kò sọ ti ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀tàn kan sì wà tí mo ń gbọ́ nígbà púpọ̀, pé bí a bá ti kírọ́ọ̀sì Boerboel pẹ̀lú Rottweiler, àrùn ti parí. Bí ìran méjì bá ní àrùn kan náà, àdàlù wọn kò lè sá fún un. Àdàlù ń ṣiṣẹ́ níbi tí àrùn ìyá bá ti yàtọ̀ sí ti bàbá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí àrùn bá ti hàn

Ẹ má ṣe gbé ajá náà fún ẹlòmíràn bí ẹni pé kò sí nǹkan, ẹ má sì sọ ọ́ sí títì. Ọ̀pọ̀ nínú àrùn wọ̀nyí ṣeé gbé pẹ̀lú. Ajá tí ìbàdí rẹ̀ kò dára yóò gbádùn bí ẹ kò bá jẹ́ kó sanra, tí ẹ ń mú un rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí dókítà sì ń fún un ní oògùn ìrora. Ẹ má ṣe lo oògùn ìrora ti ènìyàn. Ibuprofen àti diclofenac lè ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́. Ajá tí ojú rẹ̀ ti kú yóò mọ ilé yín bí ẹ kò bá máa gbé àga kiri. Ajá tí kò lè da oúnjẹ lè sanra padà bí dókítà bá fi irú oje tí ara rẹ̀ kò pèsè tó kún oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bó bá jẹ́ akọ. Bó bá jẹ́ abo, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Fún ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú kí ó lè múra sílẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá léwu jù, ẹ yà á sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí abo bá ń wá akọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ìyá àti bàbá, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, iye ọmọ, àwọn tó kú, ohun tó pa wọ́n, àrùn tó hàn àti ọjọ́ orí tí ajá wà nígbà tó hàn, pẹ̀lú ohun tí dókítà sọ. Ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ajá náà fún yín, sí gbogbo ẹni tó ra àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí ẹ bá mọ̀, àti sí ẹni tó ni akọ, kí ó tó gbà á fún abo mìíràn.